Ọ̀rẹ́, Ìfẹ́ àti Ìdàgbà nínú Ìtàn Àròsọ: Ìjẹ̀bú Gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé ọwọ́ òyìnbó ni a ti yá ìtàn àròsọ nípa ọ̀rẹ́, ìfẹ́ àti ìbànújẹ́ ọ̀dọ́. Bí a bá wo ìtàn Ìjẹ̀bú, a ó rí i pé ààbọ̀ òtítọ́ ni èyí.

Kí ilé ìwé tó dé ni Ìjẹ̀bú ti ní ètò tirẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni orúkọ rẹ̀: àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara wọn a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọn a jọ ṣiṣẹ́ ìlú, wọn a sì jọ darúgbó. Àwọn àgbà a máa wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún; rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni Ìjẹ̀bú fi dá òwe yìí lóhùn. Títí di òní, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni ẹwà Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Ní ti ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Àwọn òbí àti alárenà ni í ṣètò rẹ̀.

Ogun Ìmàgbọn ti ọdún 1892 ló ṣí ilẹ̀kùn tí Ìjẹ̀bú tì mọ́ àwọn míṣọ́nárì. Ní 1913 ni a dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nẹ́ ní Rẹ́mọ, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ni èyí bí: òǹkàwé pọ̀ sí i, ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọ̀rẹ́ àti olólùfẹ́ níbi tí ojú òbí kò tó.

Ìyípadà yìí kò mọ sí Ìjẹ̀bú, àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá sì tètè rí i. Nínú Kúyẹ̀ (1964), J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Abẹ́òkúta, sọ ìtàn ọmọ òrukàn tó jẹ́ odi, tó dàgbà nínú ìyà. Nínú Ó Le Kú (1974), Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, mú wa wọ yunifásítì. Ìyá Àjàní ń kán an lójú pé kó fẹ́ ìyàwó. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wà níwájú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìyá ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Àjàní fúnra rẹ̀ ni yóò yàn. Bí yíyàn náà bá wọ́, òun náà ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Dídá yàn ni tuntun. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò má ṣe ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí eré ọmọdé. Kí ó béèrè pé: ta ló ń yàn fún ọ̀dọ́ yìí, ta ni yóò sì dúró tì í nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́?