Donald Triplett, Akọ̀wé Báńkì Ìlú Forest

 Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2023, bàbá àgbà kan dágbére fún ayé ní Forest, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 89 ni. Kò jẹ oyè, kò jagun, kò sì dá òwò ńlá sílẹ̀. Akọ̀wé báńkì ni, iṣẹ́ náà ni ó sì ṣe fún nǹkan bí ọdún 65. Síbẹ̀, nígbà tí ó kú, àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá kọ ìtàn ayé rẹ̀. Donald Triplett ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí dókítà kọ sínú ìwé pé ó ní ohun tí à ń pè ní ọ́tísíìmù.

Kí ni ọ́tísíìmù? Kì í ṣe ibà, kì í ṣe àrùn tí ènìyàn lè kó lára ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe wèrè. Bí a ti dá ọpọlọ ẹni náà ni. Ó lè má fẹ́ wo ojú ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ó lè pẹ́ kí ó tó fọhùn, tàbí kí ó má fọhùn rárá. Ó lè máa ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, kí ariwo tí kò ni ẹlòmíràn lára sì máa ni òun lára gidigidi. Bí a bá ṣàdédé yí ètò ọjọ́ rẹ̀ padà, ọkàn rẹ̀ a dàrú. Àwọn kan nínú wọn ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, àwọn mìíràn sì kàwé gboyè ní yunifásítì. Ìka kò dọ́gba.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe kí ó sì ṣe é yọrí? Ẹ jẹ́ kí ìtàn Donald dá wa lóhùn.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1933 ni a bí i. Agbẹjọ́rò ni Beamon bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ Mary sì wá láti inú ìdílé tí ó ni báńkì ìlú náà. Láti kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ ti rí i pé ọmọ yìí yàtọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín sí i, kì í rẹ́rìn-ín padà. Bí bàbá rẹ̀ bá wọlé, kì í bojú wò ó. Ohun yíyí ni ó fẹ́ràn: ìkòkò, ọmọrí ìkòkò, ohunkóhun tí ó bá ṣá ti lè yí bírípo. Ẹni tí ó bá sì dí i lọ́wọ́, igbe ni yóò gbọ́. Síbẹ̀, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ti lè ka Sáàmù kẹtàlélógún lórí, àti ìbéèrè 25 pẹ̀lú ìdáhùn wọn nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìjọ Presbyterian.

Ní àkókò náà, ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà sábà máa ń fún irú òbí bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n mú ọmọ náà kúrò nílé, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1937, nígbà tí Donald kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, a mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni a gba àwọn òbí rẹ̀ láyè láti wá wò ó. Nígbà tí ọdún kan kọjá, wọ́n kọ̀, wọ́n lọ mú ọmọ wọn wálé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olórí ilé náà gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú un lọ sí ìlú Baltimore, sọ́dọ̀ Leo Kanner, dókítà àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins. Bàbá Donald ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí i ṣáájú, lẹ́tà tí ó tó ojú ewé 33. Kanner kò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwé kankan. Ó ń ṣàkíyèsí rẹ̀, ó sì ń kó àwọn ọmọ mìíràn tí ó jọ ọ́ mọ́ ọn, títí di ọdún 1943, nígbà tí ó tẹ ìwé jáde lórí ọmọ mọ́kànlá. Ọkùnrin mẹ́jọ ni wọ́n, obìnrin mẹ́ta. Donald ni a fi ṣe èkíní.

Ní ọdún 1942, nígbà tí Donald jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àwọn òbí rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀, ní nǹkan bí máìlì mẹ́wàá sí ìlú. Tọkọtaya yìí kì í ṣe dókítà, wọn kì í sì í ṣe olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Donald kì í sinmi wíwọn nǹkan. Wọ́n ní kí ó gbẹ́ kànga kí ó sì wá sọ bí ó ti jìn tó. Donald ń ṣa òkú ẹyẹ àti kòkòrò kiri. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ pé kí ó máa sin wọ́n síbẹ̀, kí ó sì máa kọ orúkọ wọn sórí ibojì. Donald ń ka poro àgbàdo ní àkàtúnkà. Wọ́n fi ẹṣin àti ohun ìtúlẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa kà wọ́n bí ó ti ń túlẹ̀ lọ. Nígbà tí Kanner bẹ̀ wọ́n wò ní ọdún 1945, ó yà á lẹ́nu bí ọmọ náà ti mọ ẹṣin darí tó ní etí poro.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ibí yìí bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àgbẹ̀ náà kò na ọmọ pé kí ó dẹ́kun kíkà. Ó wá iṣẹ́ tí ó ń fẹ́ kíkà, ó sì fi í fún un. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọwọ́ tí kò wọ kèrègbè, pẹpẹ ni a rán an sí.

Láti oko ni Donald ti ń lọ sí ilé-ìwé, ó sì padà sí Forest láti parí rẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa ìṣirò. Bí ẹnìkan bá bi í pé 87 lọ́nà 23 jẹ́ mélòó, kò ní mú gègé rárá tí yóò fi dáhùn pé 2,001. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ní kí ó sọ iye bíríkì tí ó wà lára ilé-ìwé wọn. Ó wò ó, ó sì dárúkọ iye kan lẹ́sẹ̀ kan náà. Nígbà tí ó dàgbà ni ó jẹ́wọ́ pé ńṣe ni òun kàn sọ iye yẹn, nítorí òun fẹ́ kí àwọn ọmọ náà ka òun kún. Ẹ rí i pé ẹni tí a ń sọ pé kò náání ènìyàn ń wá ọ̀rẹ́ ní tirẹ̀.

Ní ọdún 1958 ó gba oyè nínú èdè Faransé ní Millsaps College, ó sì wọ iṣẹ́ ní báńkì ìlú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé sí Kanner lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ tí ọmọ òun ń ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn, pé kò wá ìgbéga, àti pé ó mọ bí a ti ń bá oníbàárà ṣe dáadáa.  Ìwé ìṣirò owó pẹ̀lú bá a lára mu, nítorí iye owó kì í bèèrè ẹ̀rín lọ́wọ́ ẹni. Ó kọ́ bí a ti ń wa mọ́tò nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 27. Ó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ó ń fi owó rẹ̀ rin ìrìn-àjò ní òun nìkan, títí ó fi dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 30.

Kò sí ẹni tí ó wo ọ́tísíìmù rẹ̀ sàn. Títí di ọjọ́ ogbó, ó ń fi nọ́ńbà pe àwọn ènìyàn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará ìlú ni wọ́n gbà á bí ó ti rí. Nígbà tí àwọn oníròyìn wá bèèrè nípa rẹ̀, kí ìtàn wọn tó jáde ní ọdún 2010, àwọn kan kìlọ̀ fún wọn gidigidi pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe é níbi.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ìdílé rẹ̀ ni ó ni báńkì.” Òótọ́ ni. Olówó ni àwọn òbí rẹ̀, aláwọ̀ funfun sì ni wọ́n, ní Mississippi ní àkókò tí ọmọ aláwọ̀ dúdú kò lè bá a jókòó ní ilé-ìwé kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ bíi tirẹ̀ ni kò rí ọ̀nà. Ní ọdún 1971, Kanner wá ìròyìn nípa àwọn ọmọ mọ́kànlá àkọ́kọ́ náà. Donald ń bẹ ní báńkì. Èkejì ń fi ẹ̀rọ da ìwé kọ ní ọ́fíìsì kan. Ẹ̀kẹta, tí kò fọhùn rí, ti dàgbà sí oko àgbẹ̀ kan. Nígbà tí àgbẹ̀ náà kú, tí opó rẹ̀ sì dá ilé ìtọ́jú arúgbó sílẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn ìyá àgbà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó sí ilé ìtọ́jú ọpọlọ ti ìjọba, òye tí wọ́n ní ní kékeré ti kú mọ́ wọn nínú. Kanner kọ ọ́ pé bí ẹni tí a dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ni wọ́n rí.

Nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe bèèrè pé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní báńkì ńkọ́? Ní Denmark, ní ọdún 2004, Thorkil Sonne, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, dá ilé iṣẹ́ Specialisterne sílẹ̀. Ó gba àwọn bíi ọmọ rẹ̀ láti máa wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí ojú tí kì í fo nǹkan kan ti ṣe iyebíye. Kò fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yan wọn. Ó fún wọn ní iṣẹ́ ṣe kí ó lè rí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀. Ní ọdún 2013 ni SAP, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá ti Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù kìíní ọdún 2019 tí ó ka fífi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ó ní kí iṣẹ́ ìjọba sapá kí ó kéré tán 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aláàbọ̀ ara. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú ilé ni yóò fún àlejò ní ìjókòó.

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sọ iṣẹ́ fún un yékéyéké, ẹ má fi òwe bò ó. Ẹ wá ibi tí ariwo kò pọ̀ fún un. Bí ètò ọjọ́ yóò bá yí padà, ẹ tètè wí fún un. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má fi ẹni tí ń ka bíríkì ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sọ pé ọmọ yín kò wúlò, ẹ wo ohun tí ó ń ṣe ní àṣetúnṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ẹ sì bi ara yín léèrè pé: iṣẹ́ wo ní ayé ni ó ń fẹ́ èyí?