Ìsopọ̀ Inú Mólékù Kan Ṣoṣo: Láti Ara Tòmátì Mile 12 Dé Ara Ewé Ìwòsàn

Ìsopọ̀ inú mólékù ni à ń pè é nígbà tí apá méjì ara mólékù kan náà bá di ara wọn mú. Ó yàtọ̀ sí ìsopọ̀ tó ń sọ mólékù méjì tó dá dúró di ẹyọ kan. Níhìn-ín, kò sí mólékù mìíràn tó wá kún un: átọ̀mù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lápá kejì so pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òrùka ló ń ti ibẹ̀ jáde. Òrùka kékeré yìí a máa pinnu àwọ̀ èso, oore tí oúnjẹ ń ṣe fún ara, àti bí oògùn yóò ti pẹ́ tó nínú ikùn. Ẹni tó bá ń wá àpẹẹrẹ kò ní láti rìn jìnnà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí ẹrù tó kún ọjà Mile 12 àti ọjà èso Kétu òun Ìkòsí kún fún un.

Ní ọdún 1916, Gilbert Lewis, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé átọ̀mù méjì lè jọ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, kí àjọni yẹn sì so wọ́n pọ̀. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí wọ́n jọ ni bá jẹ́ mẹ́rin, ìsopọ̀ náà di oníméjì. Kábọ́ọ̀nù lè ní ìsopọ̀ oníkan mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tó fi lè tò lọ gbọọrọ, kó yọ ẹ̀ka, kó sì tún yí po padà bá ara rẹ̀.

Tòmátì ni kí á kọ́kọ́ wò. Tírélà ló ń kó o wá sí Mile 12 láti Kánò, Kàdúná, Katsina àti àwọn ìlú mìíràn lókè ọya. Lycopene ló fún un ní àwọ̀ pupa. Kábọ́ọ̀nù 40 àti háídírójìn 56 ló para pọ̀ di mólékù rẹ̀, ó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ méjèèjì wà ní ṣíṣí. Ìsopọ̀ oníméjì 13 ló wà lára rẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn tò tẹ̀lé ara wọn láìsí àlàfo, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń rìn láti orí ìkan dé orí èkejì. Èyí ló jẹ́ kí ó máa gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù àti ewéko mì, kí pupa sì ṣẹ́kù fún ojú wa láti rí.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ọ̀gbìn, lycopene kì í pẹ́ ní ipò yìí. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń mú orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ̀ ẹ́ padà, tó sì ń fi ìsopọ̀ tuntun láàárín kábọ́ọ̀nù àti kábọ́ọ̀nù sọ ọ́ di òrùka. Nígbà tí orí méjèèjì bá ti di òrùka, beta-carotene dé nìyẹn. Bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí a ṣẹ́ létí ni ọ̀rọ̀ náà rí: ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan kò kún un, ẹyọ kan kò sì dín níbẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ṣì jẹ́ 40, háídírójìn ṣì jẹ́ 56. Àmọ́ àwọ̀ ti kúrò ní pupa, ó ti di ti kárọ́ọ̀tì. Bí tòmátì bá ń pọ́n, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí máa ń lọ sílẹ̀ púpọ̀, lycopene a sì kóra jọ sínú èso. Tòmátì tí ẹ́ńsáìmù náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ gidigidi nínú rẹ̀ kì í pọ́n dé pupa. Bí ọsàn ló máa ń rí.

Ìyàtọ̀ yìí kan ìlera gbangba. Ara ènìyàn lè gé beta-carotene láàárín kó sì sọ ọ́ di fítámì A, tí ojú nílò láti ríran lálẹ́. Kò lè fi lycopene ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òrùka tí fítámì A gbọ́dọ̀ ní kò sí lára rẹ̀. Epo pupa tí a kò tíì yọ àwọ̀ rẹ̀ kún fún carotene olórùka. Irú carotene bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ẹ̀gẹ́ funfun. Nítorí náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí irú ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn oníṣu ní Umudike jọ ṣiṣẹ́ lé lórí, kí gàrí àti fùfú lè máa gbé fítámì A wọlé.

Àpẹẹrẹ kejì wà nínú adùn èso. Bí àwòrán inú ìwé bá fi glucose hàn ní gbọọrọ, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa ń tò léra. Nínú omi bàrà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn tó wà lára kábọ́ọ̀nù karùn-ún máa ń ká bọ̀, á di kábọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ mú, òrùka ẹlẹ́ni mẹ́fà, ìyẹn òrùka átọ̀mù mẹ́fà, a sì jáde. Nínú glucose 100 tó wà nínú omi, ó lé ní 99 tó ti di òrùka. Níbi tí ó ti padé, ẹ̀ka kékeré kan lè kọjú sí ìsàlẹ̀ tàbí sí òkè. Nínú omi, nǹkan bí 36 nínú 100 ló kọjú sí ìsàlẹ̀, 64 tó kù kọjú sí òkè. Nígbà tí irúgbìn bá ń to glucose jọ, èyí tó kọjú sí ìsàlẹ̀ ló ń di sítáàṣì inú iṣu àti ẹ̀gẹ́. Èyí tó kọjú sí òkè ló ń di cellulose tó gbé igi ró, tí ikùn ènìyàn kò lè dà.

Fítámì C náà jẹ́ òrùka, ẹlẹ́ni márùn-ún: ásíìdì tó wà ní orí mólékù náà ló so mọ́ ọ́síjìn tó wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ara ata, irú kan náà tí tàtàṣé ti wá, ni Albert Szent-Györgyi ti yọ púpọ̀ rẹ̀ jáde ní ìlú Szeged ní Hungary. Walter Haworth ní Birmingham tú àkójọpọ̀ rẹ̀ palẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún kan náà, 1937.

Òrùka ẹlẹ́ni márùn-ún àti mẹ́fà ló rọrùn jù. Òrùka ẹlẹ́ni mẹ́ta máa ń fún pa, nítorí ó fi agbára tẹ ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù sí igun ìwọ̀n 60, bẹ́ẹ̀ 109.5 ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Adolf von Baeyer ṣàlàyé èyí ní 1885, ó sì gbà pé òrùka ńlá pẹ̀lú kò lè fara rọ. Ohun tó já èrò yẹn nírọ́ wá láti ara ẹtà, ẹranko inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà, tí oje ara rẹ̀ ti wúlò fún àwọn onílọ́fínńdà tipẹ́. Ní 1926, Leopold Ruzicka fi hàn pé civetone, tó fún oje náà ní òórùn, jẹ́ òrùka kábọ́ọ̀nù 17.

Ìṣòro òrùka ńlá ni pé orí méjèèjì jìnnà síra wọn. Kí wọ́n tó bá ara wọn pàdé, wọ́n lè ti so mọ́ mólékù ẹlòmíràn. Ní 1912, Paul Ruggli rí ọ̀nà àbáyọ: kí á da mólékù díẹ̀ sínú omi ìtúpò púpọ̀, kí aládùúgbò jìnnà, kí orí má sì rí ẹlòmíràn bá so ju ìdí tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìsopọ̀ inú mólékù ló le koko. Salicylic acid wà nínú ìpara Whitfield tí wọ́n fi ń wo làpálàpá. Nínú ásíìdì yìí, háídírójìn tó wà lórí ẹ̀ka kan lára òrùka rẹ̀ rọra fà mọ́ ọ́síjìn tó wà nítòsí rẹ̀ lára mólékù kan náà. Bí a bá gbé ẹ̀ka náà lọ sí òdìkejì òrùka, ọwọ́ wọn kò tó ara wọn mọ́, wọ́n á wá di mólékù tó múlé tì wọ́n mú. Ti àkọ́kọ́ ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 159 Sẹ́ńtígíréèdì. Ti èkejì di nǹkan bí 214, nítorí ìdìmú aládùúgbò gbọ́dọ̀ já kí ó tó yọ́.

Ìsopọ̀ inú mólékù lágbára gan-an nínú àwọn purotéènì kékeré tí à ń pè ní cyclotide. Ní àwọn ọdún 1960, Lorents Gran, dókítà ará Norway, rí i ní Kóńgò pé àwọn aboyún ń mu àgbo ewé kan tí wọ́n ń pè ní kalata-kalata kí ìrọbí lè yá. Èròjà inú ewé náà, tó jẹ́ ọ̀kan lára cyclotide, kò bàjẹ́ lórí iná. Ní 1995 ni ìdí rẹ̀ hàn kedere: ámínò ásíìdì 29 ló so orí pọ̀ mọ́ ìdí, ìsopọ̀ mẹ́ta láàárín sọ́fúrù àti sọ́fúrù sì ta kókó sí àárín rẹ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí tó ní ará Yunifásítì Ìbàdàn nínú kéde pé cyclotide wà nínú Rinorea dentata, irúgbìn tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lò ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà.

Àwọn ẹ́ńsáìmù kan nínú ikùn máa ń gé purotéènì láti orí tàbí láti ìdí. Cyclotide kò ní orí, kò sì ní ìdí tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Nítorí náà ni àwọn ilé ìwádìí ṣe ń gbìyànjú láti fi apá kúkúrú tó ń ṣiṣẹ́ oògùn rọ́pò apá kan lára òrùka rẹ̀, kí aláìsàn lè máa gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì dípò kí ó máa gba abẹ́rẹ́.