Iná LED Àfọwọ́ṣe fún Ewéko Inú Ilé ní Etíkun Àgbádárìgì

Iná LED àfọwọ́ṣe fún ewéko ni iná tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò láti máa tànmọ́lẹ̀ sí ewéko tí oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: LED, pátákó àlùmíníọ́mù tó ń gba ooru lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún un ní ìwọ̀n iná tó yẹ, wáyà àti fíyúsì. Ní Àgbádárìgì, níbi tí oòrùn ti pọ̀, iṣẹ́ tó tọ́ sí iná yìí ni kó jẹ́ igbákejì oòrùn. A lè fi gbé irúgbìn dìde lásìkò òjò, a lè fi kún ojúmọ́ ewébẹ̀, a sì lè fi sọ igun ilé tó ṣókùnkùn di ibi ọ̀gbìn. Ohun tó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣe é ní etíkun bẹ̀rù jù ni iyọ̀ òkun àti ọ̀rinrin.

Ìtàn

Kí LED tó dé ni àwọn onímọ̀ ti ń fi iná mànàmáná tọ́ ewéko. Ní 1861, Hervé Mangon fi hàn ní ilẹ̀ Faransé pé ìmọ́lẹ̀ iná mànàmáná lè mú kí ewéko yọ àwọ̀ ewé. Ní 1880, William Siemens dán irú rẹ̀ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé bí gíláàsì kò bá sí láàárín, iná náà ń ba ewé jẹ́. Nick Holonyak ló ṣe LED àkọ́kọ́ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa tí ojú lè rí, ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní 1962. Búlúù ló pẹ́ kó tó dé. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ló ṣe é yọrí ní ilẹ̀ Japan, iṣẹ́ náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2014. Lára búlúù yìí ni LED funfun ti wá: wọ́n fi èròjà kan bò ó tó ń sọ díẹ̀ nínú búlúù náà di yẹ́lò àti pupa. Ní August 2015, àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú jẹ lẹ́tíìsì tí wọ́n gbìn lábẹ́ LED nínú International Space Station.

Nítòsí wa, ní Ìbàdàn, iṣẹ́ gbígbé ewéko sínú yàrá kì í ṣe tuntun. Ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wọ́n ń tọ́jú oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ àti iṣu sínú ìgò kékeré nínú yàrá tútù. Iná ló dípò oòrùn fún wọn níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tí ewé ń lò

Ojú ènìyàn àti ewé kì í rí ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Yàrá tí a ti ń kàwé láìsí wàhálà lè jẹ́ òkùnkùn fún tòmátò. Ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín 400 sí 700 nánómítà ni ewé fi ń se oúnjẹ rẹ̀, búlúù àti pupa ló sì ń gbà mọ́ra jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn iná ewéko kan fi ń tan àwọ̀ àlùkò. Ṣùgbọ́n LED funfun náà ní búlúù àti pupa nínú, ó sì rọrùn láti rí kòkòrò àti ewé tó ń pọ́n lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 3000K sí lára ní pupa púpọ̀. Ti 6500K ní búlúù púpọ̀, búlúù sì máa ń mú kí irúgbìn kúrú kó sì le. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́ lè mú 4000K.

Ìwọ̀n µmol ni wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí mítà kan níbùú-lóròó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 2,000. Àárín yàrá tí ojú ń pè ní yàrá mímọ́lẹ̀ lè má tó 10. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lè fi fóònù ka lux, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí i, lábẹ́ LED funfun, kó pín in sí 70: lux 14,000 jẹ́ nǹkan bí µmol 200. Fóònù kò péye, ṣùgbọ́n yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín igun kan àti èkejì.

Oòrùn àti ojúmọ́ ní Àgbádárìgì

Àgbádárìgì kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ojúmọ́ rẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀ láti oṣù dé oṣù. Ní oṣù Kẹfà tí ojúmọ́ gùn jù, kò ju bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá, ó máa ń tó wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45. Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, ó sì tún máa ń padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ìkùukùu àsìkò yìí ló máa ń mú kí irúgbìn inú ilé ga gogoro, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì ṣubú kó tó yọ ewé gidi.

Ojúmọ́ kúkúrú náà ní ohun tó ń ṣe fún ewébẹ̀. Ewédú àti ṣọkọ wà lára ewéko tí ojúmọ́ kúkúrú máa ń mú kí wọ́n tètè tanná. Bí wọ́n bá ti tanná, ewé wọn dínkù, wọ́n sì le. Bí iná bá fi wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún ojúmọ́ lálẹ́, wọ́n á pẹ́ lórí ewé. Ẹni tó ń ká ewédú lójú fèrèsé yóò rí èrè èyí ju ti ẹni tó fẹ́ fi iná dípò oòrùn pátápátá.

Ohun èlò

Ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì kan náà, ni ọ̀pọ̀ ohun èlò yìí ti rọrùn láti rí. Èyí tó rọrùn jù ni okùn LED fóltì 12, èyí tí wọ́n ń ká bí ríbọ́ọ̀nù. Inú rẹ̀, LED mẹ́ta-mẹ́ta ló tò tẹ̀léra wọn pẹ̀lú rẹsítọ̀ kan, ibi tí wọ́n fàlà sí láàárín wọn nìkan ni a lè gé. LED kọ̀ọ̀kan ń gba bíi fóltì 3. Mẹ́ta gba 9, fóltì 3 tó kù wà lórí rẹsítọ̀: bí rẹsítọ̀ náà bá jẹ́ ohm 150, ìṣàn iná inú rẹ̀ á jẹ́ milliamp 20.

Ìṣirò kékeré yìí ló ṣàlàyé ìdí tí okùn LED tí wọ́n so tààrà mọ́ bátìrì sólà fi máa ń tètè kú. Nígbà tí sólà bá ń sáàjì, bátìrì fóltì 12 lè gòkè dé 14.4. Fóltì 5.4 ló máa wà lórí rẹsítọ̀ nígbà náà, ìṣàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ooru á sì se LED. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fa fóltì wálẹ̀ sí 12, tó sì ń dì í mú síbẹ̀, gbọ́dọ̀ wà láàárín bátìrì àti iná.

Títò rẹ̀

Fún àpótí irúgbìn tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 níbùú-lóròó, mítà mẹ́rin okùn LED tó ń jẹ wáàtì 10 ní mítà kan tó. Gé e sí mẹ́jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50. Nu pátákó àlùmíníọ́mù pẹ̀lú ọtí ìfọ̀dọ̀tí títí tí kò fi ní sí òróró lára rẹ̀ mọ́, kí o lẹ okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ ọn ní àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Má lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Ẹ̀yìn LED ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde, igi kì í gbé ooru lọ. So gbogbo okùn pọ̀, rere mọ́ rere, òdì mọ́ òdì, pẹ̀lú wáyà 1.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 40, ó ń fa nǹkan bí ámpíà 3.3, fíyúsì ámpíà 5 ni kí o fi sí ẹnu wáyà rere, ní ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Gbé iná náà kọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lókè ewé, kí o sì máa gbé e sókè bí ewé bá ń ga.

Irú iná báyìí yóò fún ewé ní nǹkan bí µmol 150. Bí ó bá tàn fún wákàtí 14, ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ lójúmọ́ á sún mọ́ mol 7.5 (mol kan jẹ́ µmol mílíọ̀nù kan). Ó tó irúgbìn àti efinrin kékeré. Ní ìta, ọjọ́ tí oòrùn ràn dáadáa ń fúnni ní mol 30 sí 40: iná mẹ́rin tàbí márùn-ún irú eléyìí ni a ó fi bá a dọ́gba. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká kọ́kọ́ wá ojú fèrèsé ká tó wá wáyà.

Taímà ṣe pàtàkì. Ewéko ń fẹ́ òru. Tòmátò tí iná kò kú lórí rẹ̀ rí máa ń pọ́n léwé.

Owó iná

Láti 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà iná sí ẹgbẹ́ A dé E: ẹgbẹ́ A gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Ní April 2024, owó ẹgbẹ́ A di ₦225 fún kilowáàtì kan ní wákàtí. Ní iye yẹn, iná wáàtì 40 tó ń tàn fún wákàtí 14 lójúmọ́ yóò jẹ ₦3,780 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 5 nìkan ló fi ń ran oòrùn lọ́wọ́, ₦1,350 ni. Lórí bátìrì, ìyàtọ̀ náà tún hàn jù: wákàtí 14 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì bátìrì ámpíà 100 fóltì 12, ìdajì yẹn sì ni ó dáa kí a máa fà lára bátìrì olómi. Wákàtí 5 kò gba ju ìdá mẹ́fà rẹ̀ kan.

Iyọ̀ àti ọ̀rinrin

Afẹ́fẹ́ tó ń gba erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú kọjá láti òkun ń gbé iyọ̀ wọlé. Ojú wáyà bàbà tí a kò bò máa ń yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé, ìdè tí a kàn lọ́ pọ̀ a sì máa gbóná títí yóò fi jó. Gbogbo ìdè ni ká fi lẹ́ẹ̀dì jó, ká sì fi róbà bò. Kí bóòtù jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà. Gọ́ọ̀mù sílíkónì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dí ojú ihò, ṣùgbọ́n ká gbóòórùn rẹ̀ ná: èyí tó ń rùn bíi fíníga ń jẹ bàbà, ó sì lè ba iná jẹ́ látinú. Èyí tí kò ní òórùn kíkan ni ká rà.

Omi àti iná ìjọba fóltì 230 kò gbọ́dọ̀ pàdé. Kí ohun tó ń sọ 230 di 12 wà ní ibi gbígbẹ, jìnnà sí ibi tí a ti ń bomi rin ọ̀gbìn, kí fóltì 12 nìkan ló dé orí ewé. Ẹni tí kò mọ̀ nípa 230 kó pe réwáyà.

Ewéko àti ilẹ̀ tó bá a mu

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, efinrin àti irúgbìn ata àti tòmátò ló yẹ iná kékeré. Àgbàdo àti ata tó ti ń so ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ju èyí lọ. Ìta ni ilé wọn. Etíkun yìí kún fún àgbọn, èèpo rẹ̀ tí a lọ̀ kúnná sì dára fún gbígbin irúgbìn sínú ilé: ó fúyẹ́, ó ń di omi mú, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi òjò, ká dà á nù, ká tún rẹ ẹ́, títí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò fi jáde. Èèpo náà kò ní oúnjẹ púpọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ká fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà kún un díẹ̀. Nígbà tí irúgbìn bá ti ní ewé gidi mẹ́rin, ká máa gbé e síta díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ewé rẹ̀ lè mọ oòrùn lójú kí a tó gbé e lọ sínú ebè.