Kemi Badenoch àti Ẹ̀rí tí Ó Mú ti Èkó Wá

Olúkẹ́mi Badenoch, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Adégòkè kí ó tó lọ́kọ, di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Konsafétífù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí ó fi ìbò 53,806 borí Robert Jenrick tí ó ní 41,388, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó darí ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kan ní ilẹ̀ náà. Àwọn tí à ń pè ní Konsafétífù ni àwọn tí ó gbà pé kí àyípadà máa rọra wọlé, kí àṣà àti òfin àtijọ́ má parun, kí ìjọba má sì máa tọwọ́ bọ òwò àti ìgbésí ayé ará ìlú ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jiyàn lé lórí ni pé Èkó ni Badenoch ti rí ẹ̀rí tí ó gbé ìgbàgbọ́ yìí kà, àmọ́ ẹ̀rí náà kò tó gbé e dúró, nítorí pé ìjọba tí ó kùnà iṣẹ́ rẹ̀ ni ó rí ní Èkó, kì í ṣe ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù.

Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní oṣù Kìíní ọdún 1980, ṣùgbọ́n Èkó ni ó dàgbà sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe dókítà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, kí ó tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1996. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ McDonald's, ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Sussex, ó wọ ẹgbẹ́ Konsafétífù ní 2005, ó díje fún ilé aṣòfin ní Dulwich and West Norwood ní 2010, ó sì gba ipò kẹta, kí àwọn ará Saffron Walden ní Essex tó dìbò rán an lọ sí ilé aṣòfin ní 2017. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ níbẹ̀, ó ròyìn bí òun ti ń fi iná àbẹ́là ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nítorí pé àjọ oníná ìjọba kò lè mú iná wá, àti bí òun ti ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn nítorí pé omi ẹ̀rọ ìjọba kò yọ.

Ẹni tí ó bá gbé Nàìjíríà ní ayé NEPA, àjọ oníná ìjọba yẹn, kò ní já a ní koro. Ìdájọ́ tí Badenoch fà yọ nínú rẹ̀, pé kí ìjọba má máa tọwọ́ bọ nǹkan jù, ni ó ní àléébù, nítorí pé àwọn ológun tí ará ìlú kò lè bi léèrè ni wọ́n ń ṣàkóso ní ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ètò SAP tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986, ìyẹn àtúntò ọrọ̀ ajé tí ó dín ọwọ́ ìjọba kù nínú òwò tí ó sì jẹ́ kí iye náírà já wálẹ̀, sì wà lára ohun tí ó sọ owó oṣù dókítà àti olùkọ́ yunifásítì di yẹpẹrẹ. Ìdínkù ọwọ́ ìjọba wà nínú ìtàn ìyà náà, Badenoch kì í sì í sábà kà á mọ́ ọn.

Èrúwà ní ilẹ̀ Ìbàràpá ni a ti lè rí ọ̀ràn yìí kedere. Dókítà Awójọbí, oníṣẹ́ abẹ tí ó dé ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ ní 1983, fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1986, ó sì dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlú náà, níbi tí ó ti fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí ń ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò, tí ó sì ń fi ṣùkù àgbàdo dáná ẹ̀rọ tí ó fi ń se irin iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ ìdáwọ́lé ara-ẹni láìdúró de ìjọba, irú èyí tí Badenoch ń yìn, kò ní rí èyí tí ó dára jù ú lọ. Síbẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn, tí owó ìjọba gbé ró, ni dókítà náà ti kọ́ṣẹ́, yunifásítì yìí kan náà ni ó sì ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá kan náà láti 1963, kí wọ́n lè kọ́ ìtọ́jú ìlera láàárín àwọn ará oko. Ọgbọ́n inú dókítà náà kò kéré rárá, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ tí ìjọba fi lélẹ̀ ni ó dúró lé.

Badenoch pàápàá dúró lórí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ó wà ní 1980 sọ ọmọ tí a bá bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ọmọ ilẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí ó fi rí ọ̀nà padà ní 1996; ìjọba Konsafétífù ti Margaret Thatcher ni ó fi òfin 1981, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 1983, ti ilẹ̀kùn yẹn. Ní oṣù Kejì 2025, Badenoch fúnra rẹ̀ dábàá pé kí àjèjì lo ọdún 10 dípò 5 kí ó tó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú títí láé.

Nígbà tí Igbákejì Ààrẹ Nàìjíríà, Kashim Shettima, sọ ní oṣù Kejìlá 2024, nítorí ọ̀rọ̀ tí Badenoch ń sọ nípa Nàìjíríà, pé ó lè yọ Kemi kúrò lára orúkọ rẹ̀, tí Badenoch náà sì fèsì pé Yorùbá ni òun ka ara òun sí ju ọmọ Nàìjíríà lọ, àwọn oníròyìn gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àmọ́ ìjà orúkọ kò kan kókó. Ẹni tí ó ti ipò ìgbákejì mínísítà ní 2019 dé ipò mínísítà òwò ní 2022, tí ó sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó mú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ CPTPP, ẹgbẹ́ òwò àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè òkun Pàsífíìkì, ní 2023, kì í ṣe ẹni tí a ń fi orúkọ díwọ̀n. Ohun tí ó tọ́ kí a bi í ni ìdí tí kò fi ka yunifásítì ìjọba tí ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ àti òfin tí ó fún un ní ìwé ìlú mọ́ ohun tí ó ń sọ. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sì kà wọ́n mọ́ ọn, àbọ̀ ẹ̀rí ni ẹ̀rí tí ó mú ti Èkó wá.