Òṣùwọ̀n Ìfínràn Lórí Ahọ́n Yorùbá

Ní ọdún 1992 ni Arnold Buss àti Mark Perry, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé-ìbéèrè kan jáde tí wọ́n fi ń wọn bí ìfínràn ti jinlẹ̀ tó nínú ènìyàn. Gbólóhùn 29 ni ó wà nínú rẹ̀: 9 lórí ìjà àfọwọ́jà, 5 lórí ìjà ẹnu, 7 lórí ìbínú, 8 lórí kèéta, ẹni tí a bá sì fi lọ̀ yóò sọ, láti orí 1 dé orí 5, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bá ìwà òun mu tó. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 1,253 ni ó kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìwé náà ti di arìnrìn-àjò; ó ti wọ èdè Sípéènì, ó ti dé Japan, ó ti dé Ítálì àti Hungary, bí ó bá sì kan ìlẹ̀kùn àwa Yorùbá lónìí, kò yẹ kí á lé e, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bi í léèrè ohun tí ó wá wọ̀n.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń mọ̀ bóyá ìtumọ̀ pé ni èyí tí Richard Brislin, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kan, ṣàlàyé ní 1970, pé kí ẹnìkan tú ìwé náà sí èdè tuntun, kí ẹlòmíràn tí kò rí ojúlówó rẹ̀ tú u padà, kí á wá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo gbà pé ẹlẹ́rìí ni ìtúpadà yìí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ó lè purọ́ ni. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé Buss àti Perry tí ó béèrè bóyá àwọn ọ̀rẹ́ ẹni ka ẹni sí ẹni tí orí rẹ̀ gbóná. Bí atúmọ̀ bá kọ “olórí gbígbóná” sílẹ̀, atúpadà yóò gbé Gẹ̀ẹ́sì náà kalẹ̀ láìyẹsẹ̀, ìwé méjèèjì yóò fẹnu ko ara wọn, àwọn adájọ́ yóò sì pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn ẹ̀wẹ̀, ibà ni yóò rò pé a ń bi òun. Onínúfùfù ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí inú ni ìbínú ń gbé nínú èdè wa, kì í gbé orí.

Ìyẹn ṣì rọrùn. Ìjà ẹnu ni ó le jù, nítorí ohun tí ìwé náà kà sí ìjà ni kí ènìyàn máa sọ ní gbangba pé òun kò gbà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ òun, kí ó sì fẹ́ràn iyàn. Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé iyàn ni adùn ibẹ̀: ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣẹ̀sín, ọ̀pẹ ń dá a lóhùn, wọ́n sì jọ ń mu ẹmu lẹ́yìn rẹ̀. Ìjà ẹnu ti àwa ni èpè, ni òwe tí a pa mọ́ni lára láìdárúkọ ẹni, ni orin tí ìyàwó ilé ń dá lórí ọlọ ata kí orogún rẹ̀ lè gbọ́. Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ohùn: yíyan ẹni lódì. Níbi tí ìkíni ti jẹ́ gbèsè tí a ń san láràárọ̀, kí obìnrin méjì máa pàdé nídìí àmù kan náà fún oṣù mẹ́ta láìkí ara wọn, ẹgba ni. Òdo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbà nínú ìwé náà, bí ìwé náà bá ní òdo.

Ti kèéta náà tún ní ọ̀rọ̀ nínú. Ìwé náà ń béèrè bóyá ènìyàn ń fura sí àjèjì tí ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀ jù, bóyá ó mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ ń sọ òun lẹ́yìn. Àwa tí a fi òwe tọ́ dàgbà, pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu, tí a sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má fi wá lé aṣeni-bánidárò lọ́wọ́, kí ni a ó ṣe ju kí á fi 5 sí i? Ṣé kèéta ni a wọ̀n nígbà náà ni, tàbí ẹ̀kọ́ ilé? Ìṣirò lè fi hàn pé àwọn gbólóhùn náà ń bá ara wọn rìn dáadáa. Àwọn tí wọ́n jọ ń rìn lè jọ ṣìnà.

A ti rí i rí nítòsí wa pé bí òyìnbó ṣe ń kó nǹkan pọ̀ lè má bá tiwa mu. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ, T. Adéoyè Láḿbò àti Alexander Leighton, ń ṣe ìwádìí àìsàn ọpọlọ ní agbègbè Abẹ́òkúta, èyí tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, wọ́n rí i pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò ṣàjèjì sí àwọn ará abúlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá kò kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo bí oníṣègùn òyìnbó ti ṣe. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí á tó túmọ̀ ohunkóhun, kí á lọ sí ọjà àti agbo ilé, kí á béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ìfínràn níbẹ̀, kí á sì ṣọ́ ẹni tí a rán, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá bi bàbá ẹni àádọ́rin ọdún pé “ṣé ẹ máa ń lu ènìyàn?” ti fín ìràn kí ó tó wọn ìfínràn. Títí a ó fi ṣe èyí, kò sí ẹ̀tọ́ kankan láti gbé máàkì ará Ìsẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà, kí á wá sọ pé ọ̀kan fínràn ju èkejì lọ.

Bí wọ́n bá ní kí èmi dá gbólóhùn kan, èyí ni n ó dá: “Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ mí, ó máa ń pẹ́ kí n tó tún kí i.” Ẹ tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ará Amẹ́ríkà yóò béèrè ohun tí ó burú níbẹ̀.