Ìwé Ìwà: Ẹ̀rí Ọ̀gá Àtijọ́ àti Ipò Olùtọ́jú Ọmọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ fún ìwé tí ọ̀gá ń kọ nípa ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Wọn kò pè é ní ẹ̀rí iṣẹ́. 'Ìwà' gan-an ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tí ọ̀gá kò bá kọ ọ́ fún di ẹni tí kò ní ìwà. Yorùbá kò nílò àlàyé lórí bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó.

Ìnira náà pọ̀ lórí olùtọ́jú ọmọ ju lórí alásè lọ. A lè tọ́ ọbẹ̀ alásè wò ní ọjọ́ tí ó dé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fẹ́ gbé ọmọ lé, ẹnu ẹni tí ó ti gbé ọmọ tirẹ̀ lé e rí ni a ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Inú ilé ọ̀gá ni ó sì ń sùn. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ibùsùn bọ́ pẹ̀lú.

Ọ̀gá ni òfin kọ́kọ́ dáàbò bò. Ní 1786, nínú ẹjọ́ Weatherston àti Hawkins, ilé-ẹjọ́ kò ka ohun búburú tí ọ̀gá kọ nípa ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí ìbanilórúkọjẹ́, níwọ̀n bí kò ti sí arankàn nínú rẹ̀. Òfin 1792 bu £20 lé ẹni tí ó bá kọ ìwé ìwà èké. Ní 1800, nínú ẹjọ́ Carrol àti Bird, Lord Kenyon dájọ́ pé kò sí òfin tí ó fi dandan mú ọ̀gá láti kọ ohunkóhun. Èyí ni ó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èké ṣeé kò lójú; ta ni yóò ko ìdákẹ́ lójú? Ìyá-ilé tí inú ń bí nítorí pé olùtọ́jú ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ kò nílò láti purọ́ rárá.

Nínú ìwé tí Isabella Beeton gbé jáde ní 1861 lórí ìtọ́jú ilé, ó gba àwọn ìyá-ilé nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ rí ọ̀gá àtijọ́ lójúkojú dípò kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ìwé, kí ẹni tí ń jẹ́rìí sì ṣe òdodo. Ìmọ̀ràn rere ni, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti fèsì.

Ilé-ẹ̀kọ́ Norland, tí Emily Ward dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1892, fún olùtọ́jú ọmọ ní ẹlẹ́rìí kejì tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ tálákà kò sì rí i san.

Ní 1994 ni ìyípadà gidi dé, láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Nínú ẹjọ́ Spring, ọkùnrin kan tí ó ti ń ta ìwé adójútòfò, àwọn adájọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọlọ́lá pinnu pé ọ̀gá tí ó bá ń kọ ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹni tí àìṣọ́ra náà bá pa lára kò ní láti wá arankàn kiri mọ́. Lord Woolf tilẹ̀ fi kún un pé níbi iṣẹ́ tí a kì í ti í gba ènìyàn láìsí ẹ̀rí ọ̀gá àtijọ́, ó lè jẹ́ ọ̀ranyàn fún ọ̀gá náà láti kọ ọ́. Kò dárúkọ olùtọ́jú ọmọ. Àpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe.