Abẹ́ Ẹ̀yà Wo Ni Kí Wọ́n Kọ Ọmọ Èjìgbò Tí Wọ́n Bí sí Abidjan?

Ẹni tó bá ná ọjà ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò ní pẹ́ gbọ́ èdè Faransé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kò kọ́ ọ nílé ìwé Nàìjíríà. Abidjan ni wọ́n ti gbé e wálé. Owó séfà ń yí lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ibẹ̀, ọkọ̀ akérò sì ń gbéra láti ìlú náà lọ sí Côte d'Ivoire. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni àwọn ọmọ Èjìgbò àti ti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ aya níbẹ̀, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì ti bí ọmọ tiwọn.

Bí akọ̀wé ìkànìyàn bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ kan tí baba rẹ̀ wá láti Èjìgbò, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Baoulé, tí wọ́n sì bí i sí Treichville ní Abidjan, ẹ̀yà wo ni yóò kọ? Ọmọ náà lè fèsì pé méjèèjì ni òun. Kò sí irọ́ nínú ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ẹyọ orúkọ kan ṣoṣo ni ìwé ọwọ́ akọ̀wé gbà.

Ìjọba Côte d'Ivoire pín àwọn ẹ̀yà tí wọ́n kà sí ti ilẹ̀ wọn sí agbo márùn-ún: Akan, Krou, Gur, Mandé àríwá àti Mandé gúúsù. Ọmọ onílùú nìkan ni wọ́n ń bi ní ẹ̀yà. Orúkọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń kọ fún àlejò. Àlejò tó gba ìwé ọmọ onílùú tún ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, abẹ́ àwọn “tí a sọ di ọmọ onílùú”, bí ẹni pé ìwé náà ló bí i. Ọmọ Treichville yẹn lè tipa báyìí di Akan nítorí ìyá rẹ̀. Ọmọ ilé kejì, tí tìyá-tìbaba rẹ̀ jẹ́ ará Èjìgbò tí kò gba ìwé kankan, di ará Nàìjíríà, kódà bó jẹ́ Abidjan ni wọ́n bí òun àti baba rẹ̀ sí. Anàgó ni àwọn ará àdúgbò ń pe irú wọn, ṣùgbọ́n Anàgó kò sí nínú agbo márùn-ún náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Òfin 1961 fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọmọ àlejò tí wọ́n bí sí ilẹ̀ náà láti wá béèrè fún ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú. Àtúnṣe ọdún 1972 ti ilẹ̀kùn ọ̀hún pa. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1998, nínú ènìyàn 100, 26 ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí àjèjì. Ààrẹ Houphouët-Boigny ti kú ní 1993 nígbà náà, Henri Konan Bédié tó jọba tẹ̀lé e sì ti gbé ọ̀rọ̀ ìvoirité dé, ìyẹn ni ta ni ojúlówó ọmọ onílùú. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní September 2002, rògbòdìyàn ìdìbò tẹ̀lé e ní 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ ẹbí sì kó ẹrù padà sí Èjìgbò. Ọdún 2013 ni òfin tuntun tó ṣí ọ̀nà fún díẹ̀ nínú àwọn tí òfin àtijọ́ ti síta.

Bí wọ́n bá délé ńkọ́? Ìkànìyàn 1963 ni Nàìjíríà ti béèrè ẹ̀yà gbẹ̀yìn. Ti 1962 dá ìjà sílẹ̀ títí wọ́n fi fagi lé e, àríyànjiyàn ti 1963 kò sì tán bọ̀rọ̀. Ní 1991 àti 2006, ìjọba yọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò nínú ìbéèrè. Ẹni tó bá rántí ìjà ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ní bá ìjọba wí púpọ̀. Síbẹ̀, òfin Nàìjíríà 1999 lawọ́ ju ìwé ìkànìyàn lọ: abala 318 sọ pé ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, bá jẹ́ ti àwùjọ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, ọmọ ìpínlẹ̀ náà ni. Ẹnì kan lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mẹ́rin. Kó tó rí iṣẹ́ ìjọba, ọ̀kan ni wọn yóò ní kó mú.

Àṣà fúnra rẹ̀ tún lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ Akan, bí Anyi àti Asante, ìdílé ìyá ló ni ọmọ. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ilé baba ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Èjìgbò, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Anyi, ní ilé méjì tí yóò wí pé tiwa ni. Bí baba bá jẹ́ Anyi, tí ìyá jẹ́ ará Èjìgbò, àwọn ẹbí méjèèjì lè máa na ìka sí ara wọn.

Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í ju ilé ìyá nù. Karin Barber, tó ṣe ìwádìí oríkì ní Òkukù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé àwọn obìnrin tó ń ki ènìyàn kì í dúró síbi oríkì orílẹ̀ baba rẹ̀. Wọn a yà sí ti ìyá, wọn a tún yà sí ti ìyá baba, kò sì sẹ́ni tí yóò ní kí wọ́n mú ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n ń kì ló ń fò sókè nígbà tí wọ́n bá kan ibi tó dùn mọ́ ọn. Ìwé akọ̀wé ìkànìyàn kò tíì mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn olùṣèwádìí ti ń bá a yí láti ìgbà pípẹ́. Ní Freetown, níbi tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Akú, S. W. Koelle bá àwọn míṣọ́nnárì jiyàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1854 pé orúkọ ẹ̀ka kan ṣoṣo ni Yorùbá, kò yẹ kí wọ́n fi bo gbogbo wọn. Orúkọ tí Koelle kọ̀ ló borí.

Amẹ́ríkà gba aráàlú láyè láti mú ju ìran kan lọ nínú ìkànìyàn 2000. Àwọn tó mú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ mílíọ̀nù 9 ní 2010. Ní 2020 wọ́n di mílíọ̀nù 33.8. Wọn kò bímọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Iléeṣẹ́ ìkànìyàn wọn fúnra rẹ̀ sọ pé bí wọ́n ṣe tún ìbéèrè tò, àti bí wọ́n ṣe tún ìdáhùn kà, wà lára ohun tó fà á. Nílẹ̀ Áfíríkà, Afrobarometer ń béèrè bóyá ẹnì kan ka ara rẹ̀ sí ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ju ti ẹ̀yà rẹ̀ lọ, tàbí méjèèjì dọ́gba. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n náà.

Nàìjíríà fẹ́ ka ènìyàn ní 2023, ìjọba sì sún un síwájú. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ti sọ pé kò ní ìbéèrè ẹ̀yà. Bó bá wáyé bẹ́ẹ̀, ọmọ Treichville tó ti wálé yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé tó ń gbé, wọn yóò sì kà á mọ́ ará Èjìgbò.